Èwo Ni Róòsì Nínú Gbogbo Ohun Tí À Ń Pè Ní Róòsì?

Èmi tí mò ń kọ eléyìí, lọ́fíńdà, ọṣẹ, ìpara àti omi róòsì ni mò ń tà. Ẹ̀gbẹ́ alọ́gẹ̀dẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sọ́kàn o, torí òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì rí i pé àwọn ọ̀dọ́ Ìkẹjà ti sọ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì di ọdún. Láti Allen títí dé Òpèbí, ọmọkùnrin tó bá ní àfẹ́sọ́nà gbọ́dọ̀ gbé òdòdó pupa dání lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà dé. A ní kí ló dé tí owó yẹn á fi máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì nìkan? Ṣebí ọmọ ọjà ni wá. Àjọ tí a dá jọ, a kò pín in mọ́. A kó o lé ọ̀gbẹ́ni kan lọ́wọ́, ẹni tó máa ń gba róòsì láti pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọjọ́ kọkànlá ló kó ìdì ogún fún wa, ó ní àná ni bàálù kó wọn dé. A gbà á gbọ́. A kò mọ bí a ṣe ń yẹ òdòdó wò, ata la mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò.

A kó wọn sínú báàfù olómi, a gbé wọn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí oòrùn kì í dé. Lálẹ́ ọjọ́ kejìlá, aládùúgbò mi alọ́gẹ̀dẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n díẹ̀ síbẹ̀, torí ilẹ̀kùn tirẹ̀ kò tì dáadáa. Mo ní kò burú. Ta ni yóò rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òdòdó lè máa bá ara wọn jà? Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá tí mo ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ pupa bíi ti ibi tí wọ́n ń pa ẹran ní Oko-Ọba. Ewé òdòdó ti já sílẹ̀ yàlàyàlà, èyí tó kù lórí igi ti dorí kodò. Nínú ìdì ogún, ìdì méjì ló ṣeé tà. Owó ìgbaniwọlé WAEC ọmọ ọ̀kan nínú wa wà nínú owó yẹn. Odidi oṣù kan ni ìyá náà kò fi bá mi sọ̀rọ̀, n kò sì bá a wí. Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ róòsì nìyẹn. Mo bi àwọn tó ń gbin òdòdó lẹ́bàá títì ní GRA, mo ka ìwé, mo ní kí ọmọ mi bá mi wo èyí tó wà lórí fóònù. Ohun tí mo rí pọ̀ ju ohun tí mo wá lọ, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí.

OHUN TÍ Ọ̀GẸ̀DẸ̀ FI ṢE ÒDÒDÓ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èso tó bá ń pọ́n máa ń tú atẹ́gùn kan jáde tí ojú kò rí. Ethylene ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀: tí a bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tètè pọ́n, ṣebí a ó dì í pa pẹ̀lú èyí tó ti pọ́n ni? Atẹ́gùn tó ń tinú èyí tó pọ́n jáde ló ń mú èkejì pọ́n. Òun kan náà ló ń sọ fún òdòdó pé ìgbà tó láti gbó, kí ewé rẹ̀ já. Ápù ń ṣe é, máńgòrò pípọ́n ń ṣe é, tòmátì náà ń ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta òdòdó nínú ọjà oúnjẹ, kó jìnnà sí ìsọ̀ eléso. Ooru ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi dá kún un, òdodo ọ̀rọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ pé ọ̀gbẹ́ni yẹn kò ta èyí tó ti pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń tọ́jú èyí tí wọ́n ti gé nìyí, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ti dé, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí igi rẹ̀ díẹ̀, ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́, kó lè rí omi fà. Ẹ já gbogbo ewé tí yóò bá wọnú omi, torí ewé tó bá jẹrà sómi ló ń sọ omi di ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà á sì dí ojú igi. Ẹ fọ báàfù mọ́ bí ẹni fẹ́ po ẹ̀kọ ọmọ sínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì méjì, kí ẹ sì tún gé ìdí rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibi tútù ni kó wà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ti pẹ́, ẹ rọra fi ọwọ́ méjì tẹ ọrùn òdòdó náà lábẹ́: èyí tó le ṣì ní ọjọ́, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ fi í lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́.

RÓÒSÌ GIDI ÀTI ÀWỌN Ẹ̀YÀ RẸ̀

Róòsì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Irú rẹ̀ tó ń hù nínú igbó lé ní 100, apá òkè ayé níbi tí òtútù ti ń mú ni púpọ̀ nínú wọn ti wá: Ṣáínà, Páṣíà, Yúróòpù, Amẹ́ríkà. Nílẹ̀ adúláwọ̀, Etiópíà ní èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí òkè, òdòdó rẹ̀ funfun. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ápù jẹ́ mọ̀lẹ́bí róòsì. Píà náà ńkọ́? Mọ̀lẹ́bí ni. Sítúróbẹ́rì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ápù ní Ìpódò, ẹbí róòsì lẹ ti ń tà láti ọjọ́ yìí wá! Bí òdòdó róòsì bá re dànù tí ẹ kò gé e, ó máa ń so èso kékeré kan tó pupa, adé gbígbẹ sì wà lórí èso náà gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ máa ń rí nídìí ápù.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kiri, tí igi rẹ̀ gùn, tí òdòdó kan ṣoṣo ńlá wà lórí rẹ̀, àwọn òyìnbó ń pè é ní hybrid tea. Ọmọ àdàlù ni. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ róòsì Yúróòpù kì í yọ òdòdó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ ni wọ́n kó ti Ṣáínà dé, èyí tó ń yọ òdòdó léraléra, ni wọ́n bá dà wọ́n pọ̀. Ní ọdún 1867, ará Faransé kan mú ọ̀kan jáde tó pè ní La France, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ará Faransé mìíràn, Francis Meilland, ló mú èyí tó lókìkí jù jáde, òféfèé bí ẹyin tí etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ní 1945 tí ogun àgbáyé kejì ń parí ni wọ́n sọ ọ́ ní Peace, ìyẹn Àlàáfíà, ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí i pé orúkọ rere ń tajà.

Ẹ̀yà kejì ni èyí tó ń yọ òdòdó ní ìdì ìdì lórí ẹ̀ka kan, floribunda. Kò tóbi bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀, ó sì máa ń fara da ìnira díẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Òun ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ gbìn ín sí iwájú ilé mú. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń gun ògiri, tí ẹ máa ń rí lẹ́nu géètì àwọn olówó. Kì í gùn ún fúnra rẹ̀ o, kì í lọ́ mọ́ nǹkan bíi ti iṣu. Ènìyàn ló ń so ó mọ́ igi. Ẹ̀kẹrin ni kékeré tó ń gbé inú ìkòkò, ìka àtàǹpàkò ni òdòdó rẹ̀ tó.

Ó wá ku àwọn arúgbó wọn. Damask ni orúkọ ọ̀kan, wọ́n fi ìlú Dàmásíkù pè é. Àwọn wọ̀nyí kò lẹ́wà tó ti ìgbàlódé, òdòdó wọn kì í pẹ́ nínú omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yọ. Ṣùgbọ́n òórùn wà lọ́wọ́ wọn! Ẹ gbé róòsì olówó gọbọi ti oṣù kejì yẹn sí imú, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó ń tọ́ ọ dàgbà fún ọjà ti ṣe àṣàyàn èyí tí igi rẹ̀ gùn, tí kò ní bàjẹ́ nínú bàálù, òórùn sì ti ibẹ̀ sá lọ. Bí ẹni tó wá adìẹ tó tóbi tó sì pàdánù adùn ọbẹ̀ ni.

Níbo ni wọ́n ti ń kó o wá? Kẹ́ńyà ni olórí oko róòsì nílẹ̀ wa adúláwọ̀, létí adágún Naivasha, Etiópíà sì tẹ̀lé e. Òkè gíga ni ibẹ̀. Oòrùn mú lọ́sàn-án, òtútù mú lóru, ohun tí róòsì sì fẹ́ nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń rà ní Yúróòpù ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì gba ọjà gbàǹjo òdòdó ńlá tó wà ní Aalsmeer ní Nẹ́dálándì kọjá. Nílẹ̀ Nàìjíríà níbí, òkè Jos àti òkè Mambilla ni ojú ọjọ́ wọn sún mọ́ irú rẹ̀. Ẹni tó bá dé Jos rí i lágbàlá ilé àwọn ènìyàn. Èkó tiwa yìí gbóná, ó tún rin, ni tiwa ṣe ń ṣòjòjò.

OMI RÓÒSÌ: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ KA ABALA YÌÍ

Ọjà mi nìyí, mo sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́.

Òdòdó damask yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó omi róòsì. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń já a, kí oòrùn tó mú, torí tí oòrùn bá ti gun orí rẹ̀, òróró òórùn náà á máa fẹ́ lọ. Wọ́n á da òdòdó àti omi sínú ìkòkò ńlá, ìkòkò bàbà ni ti àtijọ́, wọ́n á dáná sí i. Ooru tó bá ru jáde á gba inú páìpù tútù kọjá, á sì di omi padà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró ti mọ̀ ọ́n tán. Òróró díẹ̀ á léfòó lókè, òun ni olówó iyebíye. Omi tó kù lábẹ́ ni omi róòsì. Ní àfonífojì Kazanlak ní Bùlùgéríà, ní Isparta ní Tọ́kì, ní Páṣíà, àti ní Taif ní ilẹ̀ Sáúdì, iṣẹ́ ìran ni. Ẹ̀yin Àlájà wa mọ̀ pé omi Sàmúsàmù tí wọ́n po pọ̀ mọ́ omi róòsì ni wọ́n fi ń fọ Káábà. Àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Íńdíà ń fi í sí oúnjẹ dídùn bí àwa ṣe ń fi fànílà sí kéèkì.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Kí òróró róòsì tó tó kílò kan, òdòdó tó tó 3,000 sí 5,000 kílò ni wọ́n á fi pọn ọ́n. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Ẹ fojú inú wo àpò tó lé ní 60 tó kún fún ewé òdòdó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí gbogbo rẹ̀ wá di ìgò kan. Nítorí náà, tí ènìyàn bá gbé ìgò kékeré tó kún fọ́fọ́ wá bá yín, tó ní òróró róòsì tí kò lábùlà ni, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti ọṣẹ mẹ́ta lọ, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Òórùn róòsì inú ọṣẹ àti ìpara olówó pọ́ọ́kú kò bá òdòdó pàdé rí. Nínú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń po kẹ́míkà rẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì bí ó bá wà ní ipò rẹ̀, lọ́fíńdà ni, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ mu ún.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyẹn. Oníbàárà mi kan, ìyá ọlọ́mọ láti Ọ̀rílé Agége, wá béèrè omi róòsì nígbà tí àpólò ń jà. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ó dára fún ojú. Èmi náà ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, n kò bi í ní nǹkan kan. Mo na ìgò kan sí i, mo gbowó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó padà wá pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn, ojú ọmọ ti wú, kò ṣeé là. Kò bú mi. Ó kàn gbé ìgò náà kalẹ̀, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo ka á: omi, lọ́fíńdà, aró, àti ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Ọdún kẹrin tí mo ti ń tà á nìyẹn, n kò kà á rí.

Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mo sanwó. Dókítà fún un ní oògùn ojú, ó sì sàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dókítà náà sọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé: ó ní ojúlówó omi róòsì gan-an, kì í ṣe oògùn ojú, torí wọn kò ṣe é ní ọ̀nà tí kò fi ní sí kòkòrò àìfojúrí nínú rẹ̀. Ìgò tí ẹ ti ṣí, tí ẹ ti ń tẹ̀ sọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá, kí lẹ fẹ́ fi sójú ọmọ tuntun ṣe?

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń ta á nìyí. Èyí tó jẹ́ ti ara nìkan, mo kó o sí ọ̀dọ̀ lọ́fíńdà. Èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tí ó sì ní nọ́mbà NAFDAC, mo yà á sọ́tọ̀. Ọdún 1993 ni ìjọba dá NAFDAC sílẹ̀, nọ́mbà wọn sì yẹ kó wà lára ohunkóhun tí à ń jẹ, tí à ń mu, tàbí tí à ń fi pa ara. Ẹni tó bá ní ti ojú lòun fẹ́, mo máa ń júwe ilé oògùn fún un. Mo ń pàdánù owó díẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mímu náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ti ń sá róòsì, wọ́n ń ta á gẹ́gẹ́ bíi tíì. Òdòdó tí wọ́n gbìn fún jíjẹ, tí wọn kò fín oògùn kòkòrò sí, kò burú. Èso rẹ̀ pupa yẹn pàápàá ní fítámì C gan-an. Nígbà ogun àgbáyé kejì tí ọsàn kò wọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ́, èso róòsì inú igbó ni wọ́n ń já fi ṣe omi dídùn fún àwọn ọmọdé wọn. Ṣùgbọ́n róòsì ọjọ́ olólùfẹ́ tí bàálù gbé wá, oògùn ni wọ́n fi tọ́ ọ, ojú ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí kò tà lọ́jọ́ kẹrìnlá, ẹ má sá a fún tíì o. Ẹ kó o dànù.

ÀWỌN TÍ KÌ Í ṢE RÓÒSÌ

Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olódòdó etí títì ní Ìkẹjà. Ohun tí wọ́n bá pè ní róòsì fún yín, ẹ tún béèrè. Ọ̀kan wà tí ìdí rẹ̀ wú bí ikùn aláboyún, òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, desert rose ni wọ́n ń pè é. Ó lẹ́wà púpọ̀, kò sì fẹ́ omi púpọ̀, ẹni tí kò ráyè lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n kò bá róòsì tan rárá. Igi aṣálẹ̀ ni, apá òkè ilẹ̀ wa ló ti ń hù títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá, oje rẹ̀ sì ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń fi sí orí ọfà láti pa ẹran. Ẹ̀yin tí ọmọ ọmọ yín ń rákòrò, ẹ gbé e sókè. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e.

Òmíràn ni hibiscus inú ọgbà, òdòdó pupa ńlá tó na ahọ́n síta. Nínú orúkọ ìwé rẹ̀, róòsì Ṣáínà ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ẹbí ilá àti òwú ni. Àbúrò rẹ̀ ni ìṣápá tí gbogbo wa mọ̀, tí òyìnbó ń pè ní roselle. Ẹ ò rí i, róòsì tún wọ ibẹ̀. Ìṣápá funfun la fi ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Pupa ni àwọn ará wa Háúsá ní Agége fi ń ṣe sóbò. Tí ẹ bá bi mí, nínú gbogbo ohun tó ń jẹ́ róòsì tàbí tó jọ ọ́, ìṣápá ló ní owó fún ọmọ ọjà. Kò nílò bàálù, kò nílò fíríìjì, ó ń gbẹ, ó ń pẹ́. Ilẹ̀ Mẹ́síkò gan-an ń rà á lọ́wọ́ Nàìjíríà ní àpótí ńlá ńlá. Ní 2017 ni wọ́n dá a dúró torí pé wọ́n rí kòkòrò nínú rẹ̀, kí wọ́n tó tún ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn náà. Kòkòrò inú àpò ló lé oníbàárà tó tóbi tó báyẹn. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa, ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà kó tó sọ sóbò di omi mímu, torí òun náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Aláboyún náà, kó béèrè.

TÍ Ẹ BÁ FẸ́ GBÌN ÍN

Ó ń hù ní Èkó, àwọn kan nínú wa ní in. Oòrùn wákàtí mẹ́fà ló fẹ́ lójúmọ́, pàápàá oòrùn àárọ̀. Ìkòkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lu nídìí, kí omi má dúró sí i. Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù lọ́dọ̀ wa ni àrùn tó ń fi àmì dúdú sí ewé, tí ewé náà á wá pọ́n tí á já. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje ló ń gbé e wá. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bu omi sí, kì í ṣe orí ewé, láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ti gbẹ. Ẹ ṣa ewé tó já, ẹ sun ún. Ẹ má kó wọn pọ̀ gádígádí, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn. Ìgbẹ́ adìẹ dára, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ tó ti jẹrà, tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Bí òdòdó bá ti rọ, ẹ gé orí rẹ̀, òmíràn á yọ. Ẹ wo ìdí rẹ̀ náà: púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà, orí igi róòsì mìíràn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀ka tó bá yọ láti ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, ẹ fà á tu, ọmọ àlè ni, yóò jẹ oúnjẹ onílé tán.

Ìyá tó bínú sí mi yẹn, a ti parí ẹ̀. Mo san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú lọ́fíńdà títí ó fi pé, ọmọ rẹ̀ sì ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dún kejì. Nígbà tí oṣù kejì tún dé, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi pé kí a tún gbìyànjú, ìdì márùn-ún péré. A lọ tẹ ọrùn wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó sanwó, a dá ìdì méjì padà. Ọmọ rẹ̀ náà ló jókòó tó ń gé ìdí igi, tó ń pààrọ̀ omi. Ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá ni gbogbo rẹ̀ tà tán, a sì pín èrè náà sí mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù alaṣọ ni a yá fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ìsọ̀ méje sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Aládùúgbò mi ṣì ń bínú. Ó ní kí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun fi òdòdó òyìnbó ṣe, tí a fi ń sá fún un bí ẹni tó ní ṣọ̀pọ̀nná.